Ẹja Kọ́nẹ́ẹ̀lì Kì í Dúró ní Wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun, ẹ fa àga súnmọ́ tòsí. Ẹ̀yin tí ebi ń pa, ẹ má retí nǹkan kan: ẹja mẹ́tàlá ló wà nínú ìtàn yìí, kò sì sí ẹyọ kan tó dé inú ọbẹ̀.

Ní ọdún 1994, ilé alájà méjì kan wà ní Onírèké n'Íbàdàn tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ pé ÀJỌ ÌGBAFẸ́ ÀTI ẸWÀ ÌLÚ. Kí ni àjọ yìí ń ṣe? Ẹ má bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nítorí àwọn náà ń bi ara wọn. Wọ́n gbin òdòdó sí oríta kan ní Challenge, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán kí àwọn tó gbìn ín tó fọ ọwọ́. Wọ́n to bẹ́ǹṣì mẹ́fà sí Ring Road kí aráàlú lè máa jókòó gba atẹ́gùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tó ń ta bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì fi sọ ọ́ di ìsọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń lọ déédéé nínú àjọ náà ni àpótí dígí ńlá kan tó wà ní gbọ̀ngán àbáwọlé. Ó gùn ju ọkùnrin tó nà gbalaja lọ. Omi òkun ló kún inú rẹ̀, ẹja òkun mẹ́sàn-án sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tí wọn kò tíì sọ fún pé Ìbàdàn jìnnà sí òkun.

Ìdí tó fi ń lọ déédéé ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́fẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Ọmọ́fẹ́, apẹja ni bàbá rẹ̀, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ló ti mọ orúkọ ogún ẹja. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tọ́jú àpótí náà. Òun ló ń bá dẹ́rẹ́bà lọ sí Èkó lóṣooṣù láti bu omi òkun sínú kẹ́ẹ̀gì. Òun ló ń sáré tan jẹnẹrétọ̀ bí NEPA bá ti mú iná lọ, kí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi má baà dákẹ́. Iṣẹ́ yìí ló fi gba yàrá kan ṣoṣo ní Agbowó, òun ló sì fi rán ọmọ rẹ̀, Ìdùnnú, ní ilé-ìwé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá bọ́ nìyẹn, ilé-ìwé náà sì bá a lọ.

Nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn gbọ̀ngán, àpótí dígí kékeré kan wà tí kò lè gbà ju ẹja mẹ́rin lọ. Wọ́ọ̀dù ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ẹja tuntun yòówù kó dé, ibẹ̀ ni Ọmọ́fẹ́ máa ń kọ́kọ́ fi í sí fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko. Lójoojúmọ́ ló máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti gbó: *Àlejò tuntun: méjì. Ọjọ́ kìíní. Wọn kò tíì jẹun.* Ní ọjọ́ kejì: *Ọ̀kan jẹun, èkejì ń ṣe fáàrí.* Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọgbọ̀n ọjọ́ á fi pé. Bí ara wọn bá mọ́, wọ́n á dara pọ̀ mọ́ àwọn onílé. Bí ara wọn kò bá mọ́, àrùn wọn kò ní kọjá ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá rẹ̀ ló máa ń sọ pé, "Ẹja kì í wúkọ́ kí o tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá."

Alága àjọ náà ni Olóyè Theophilus Ikúbọlájẹ́. Ṣé ẹ ti dìde dúró? Ó dáa, ẹ lè jókòó.

Olóyè kò gùn, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ bá a mú ìyókù wá. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dún ní gèètì láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn. Olúrótìmí, tí í ṣe alukoro àjọ náà, a máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, nítorí ó ní ojú òun kò gbọdọ̀ kúrò lára ọlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ìkòkò òdòdó. Bí Olóyè bá sọ̀rọ̀, Olúrótìmí á ní, "Ọgbọ́n!" Bí Olóyè bá húkọ́, á ní, "Ọgbọ́n ńlá!" Lọ́jọ́ kan Olóyè sùn lọ nínú ìpàdé, ó sì ń han-run. Olúrótìmí ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Olóyè kò mọ iye ẹja tó wà nínú àpótí. Ọ̀kan ṣoṣo ló mọ̀ níbẹ̀, ẹja búlúù gbàngbà kan tó ti fún ní orúkọ, Alága Kékeré. Àṣẹ ni pé kí òṣìṣẹ́ tó bá wọlé kọ́kọ́ kí Alága Kékeré kó tó lọ jókòó. Ẹ bá rí akọ̀wé tó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta, onílé àti baba ọlọ́mọ, tó ń tẹrí ba níwájú dígí: "Ẹ káàárọ̀, sà." Ẹja náà á la ẹnu, á pa á dé. Olúrótìmí á ní, "Wọ́n ti dáhùn."

Nígbà tó ku ọjọ́ márùndínlógójì kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé, ọkọ̀ kan ti Èkó wá.

Ó yẹ kí ẹ mọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ìjọba ológun ló rán an pé kó máa yí ìlú ká, kó wo àwọn àjọ tó wúlò àti àwọn tó kàn ń jẹ ìrẹsì ìjọba lásán, kó sì ti ilẹ̀kùn àwọn tí kò wúlò pa. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bọ́láwárìn ni orúkọ rẹ̀. Kó tó dé fúnra rẹ̀, ó fi kúlà kan ránṣẹ́. Ẹja òkun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, olúkúlùkù nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, àti lẹ́tà kan nínú àpòòwé àwọ̀ ilẹ̀, èdìdì pupa lẹ́yìn rẹ̀.

Olúrótìmí na ọwọ́ láti ya àpòòwé náà. Olóyè gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ta ló ń ya lẹ́tà ọ̀gágun? Èdìdì ìjọba àpapọ̀ ni o fẹ́ fi èékánná já yẹn?"

"Ọgbọ́n, sà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyìn ni. Kí ni ènìyàn tún lè kọ sí mi?"

Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe férémù ní Dugbe. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àpòòwé náà ti rọ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngán nínú férémù oníwúrà, láìya, láìkà, èdìdì rẹ̀ níwájú. Ẹ rántí ibi tó rọ̀ sí o.

Lọ́jọ́ tí ẹja dé gan-an, Ọmọ́fẹ́ ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé. Ó kúnlẹ̀ kí Olóyè.

"Ẹ kú oríire ẹ̀bùn, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù."

Olóyè yí fìlà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

"Wọ́ọ̀dù? Ẹja Kọ́nẹ́ẹ̀lì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni. Ó ku ọjọ́ márùndínlógójì kí wọ́n dé. Á ti pé, á tiẹ̀ ti lé."

"Ọmọ́fẹ́, bí Kọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ bá dé síbí, ṣé wàá ní kó dúró ní gèètì fún ọgbọ̀n ọjọ́, ká máa wò ó bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń ṣu dáadáa?"

"Rárá, sà. Ẹja ni mo ní. A ò mọ ibi tí wọ́n ti kó wọn. Wọ́n lè ní àìsàn lára."

"Àìsàn!" Olúrótìmí fò sókè. "Ó sọ ọ́, sà! Mo gbọ́ ọ! Ó ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní àìsàn!"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹja ni mo ní."

"Ẹja ta ni?" Olóyè béèrè.

"Ẹja Kọ́nẹ́ẹ̀lì, sà."

"Ẹ ò rí i! Ó tún un sọ." Olóyè nu ojú rẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa, ọmọbìnrin yìí. Àlejò kékeré ló ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi Theophilus kò lè gba ẹ̀bùn ọ̀gágun kí n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn bí ẹni tó jí adìyẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, ní agogo mẹ́wàá, níwájú àwọn onífọ́tò, ọwọ́ ara mi yìí ni máa fi dà wọ́n sínú omi ńlá. Bí irun kan bá ti ara wọn já..."

"Ẹja ò nírun, sà," Ọmọ́fẹ́ ní jẹ́jẹ́.

"Bí irun tí wọn ò ní bá já! O máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ, o sì máa padà sí Ìlàjẹ."

"Ọgbọ́n ńlá!" ni Olúrótìmí wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà Ọmọ́fẹ́ tú àwọn ẹja mẹ́rin náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan, ó fi rọ́bà atẹ́gùn sí i, ó sì gbé àga jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọ̀kan nínú wọn, aláwọ̀ yẹ́lò, ń fi ara ha ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lemọ́lemọ́ bí ẹni tí ara ń yún ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wá ibi tó máa gbé họ ara láìsí ẹni tó rí i.

Ó mọ̀ pé òun kò lè fi ẹnu dá Olóyè dúró. Ó tún mọ̀ pé òfìfo ni wọ́ọ̀dù wà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí òun ti àlejò mọ́lé, kí ló dé tí òun kò lè ti onílé mọ́lé?

Ẹja mẹ́rin péré ni wọ́ọ̀dù gbà. Mẹ́sàn-án ló wà nínú àpótí ńlá. Ó mú àwọ̀n kékeré rẹ̀, ó dúró síwájú dígí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbéra. Ó mú Adétutù ṣáájú, aláwọ̀ ọsàn onílà funfun, tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tó máa ń wá jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó mú àwọn kékeré méjì tó máa ń sùn sábẹ́ òkúta kan náà. Ó ku márùn-ún. Alága Kékeré wá síwájú dígí, ó la ẹnu, ó pa á dé.

"Ìwọ ò lè wọ inú rẹ̀," Ọmọ́fẹ́ sọ fún un. "O tóbi jù. Wọ́n á sì mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀. Má bínú."

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́: *Onílé mẹ́rin wọ wọ́ọ̀dù. Àwọn yòókù, Ọlọ́run ló máa ṣọ́ wọn.*

Ní agogo mẹ́wàá ọjọ́ kejì, Olóyè dé ní aago méjìlá. Agbádá funfun ló wọ̀, ó sì ti ká apá rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní nígbà tí wọ́n bí òun, òjò rọ̀. Ó ní omi ti mọ òun láti ọjọ́ náà. Ó ní àwọn kan wà nínú ọ́fíìsì yìí tí wọ́n fẹ́ràn wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn ìlọsíwájú. Lẹ́yìn náà ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó da ẹja Kọ́nẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbì sínú omi, ìdajì omi náà sì da sí apá agbádá rẹ̀. Onífọ́tò yà á. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Olúrótìmí ṣí aṣọ lójú pátákó idẹ kan tí wọ́n ti kàn mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí lára báyìí:

ÀWỌN ẸJA YÌÍ, OLÓYÈ THEOPHILUS IKÚBỌLÁJẸ́ LÓ FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ DÀ WỌ́N SÍNÚ OMI YÌÍ, LÁÌDÚRÓ, LÁÌJÁFARA, LÁÌGBA ÌMỌ̀RÀN ẸNIKẸ́NI.

Ẹ rántí ìyẹn náà o. Idẹ kì í gbàgbé.

Ọjọ́ kẹsàn-án, eéwo funfun kéékèèké yọ sí ara ẹja aláwọ̀ yẹ́lò, bí ìgbà tí wọ́n bá bu iyọ̀ wọ́n ẹran. Lọ́jọ́ kejì ó ti dé ara ẹja mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, Alága Kékeré ti di onífunfun láti orí dé ìrù, ó sì ń mí gùlẹ̀gùlẹ̀. Ọmọ́fẹ́ sáré lọ kanlẹ̀kùn Olóyè. Olóyè sọ̀ kalẹ̀, Olúrótìmí níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń sọ̀ àtẹ̀gùn.

"Kí ni funfun yìí?" Olóyè béèrè.

Olúrótìmí fi ojú mọ́ dígí. Ó wo ẹja. Ó wo ojú Olóyè. Ó tún wo ẹja.

"Léèsì ni, sà."

"Léèsì?"

"Wọ́n ti gbọ́ pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń bọ̀. Wọ́n ń múra. Ẹ ò rí i bí ti Alága Kékeré ṣe pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ? Olówó ló mọ léèsì wọ̀."

Olóyè rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì. Ọmọ́fẹ́ kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àìsàn ni. Ó máa pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ra oògùn, ẹ jẹ́ kí n ya àwọn tó kù..."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún sọ!" Olóyè yí padà. "Olúrótìmí, gbé bírò."

Sẹ́kúlà tó jáde lọ́jọ́ náà rèé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn ti gbà á: *Láti òní lọ, ó di èèwọ̀ láti pe "àìsàn", "àrùn" tàbí "ikú" nínú ilé yìí ní ti àwọn ẹja Kọ́nẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń bá wọn gbé. Ọ̀rọ̀ tí a fọwọ́ sí ni "ìsinmi". Ẹni tó bá rú òfin yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.* Ó tún ní kí wọ́n rán kọ́tìnì àrán pupa kan bo àpótí náà yípo, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà rí léèsì náà ṣáájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Òun fúnra rẹ̀ búra pé òun kò ní yọjú wò ó. Nínú gbogbo òfin tí Olóyè ṣe, èyí nìkan ló pa mọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìròyìn àárọ̀ tí Ọmọ́fẹ́ ń mú wá fún Olóyè ń lọ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹja Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan ń sinmi."

"Ó dáa. Ọ̀nà Èkó jìn."

Ọjọ́ kejì: "Méjì mìíràn tún ti ń sinmi, sà."

"Ó yẹ. Kí wọ́n lè ní agbára de Kọ́nẹ́ẹ̀lì."

Ọjọ́ kẹta: "Alága Kékeré ń sinmi, sà."

"Ọmọ dáadáa. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní ọ̀sán."

"Sà, wọ́n ti sinmi tán pátápátá. Wọn ò ní í dìde mọ́."

"Má dí wọn lọ́wọ́," ni Olóyè wí, ó sì ṣí fáìlì mìíràn.

Ọmọ́fẹ́ jáde, ó dúró ní kọ́rídọ̀, ó fi ìka nu omijé ojú rẹ̀. Ṣé kó pariwo ọ̀rọ̀ náà? Ó ní, "À-ì-..." lábẹ́lẹ̀, ó rántí Ìdùnnú nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ló ń sin wọ́n sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ewé kókò. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé, kò sí ohun tó ń mí nínú àpótí ńlá mọ́ àyàfi ẹ̀rọ.

Ní wọ́ọ̀dù, Adétutù ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. *Ara mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́,* ló kọ.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fọ gbọ̀ngán, wọ́n to àga, wọ́n kun òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní funfun, wọ́n sì so ewúrẹ́ àdúgbò mọ́lẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bọ́láwárìn dé ní agogo mẹ́wàá géérégé, èyí tó kọ́kọ́ ba ètò jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó retí pé mẹ́wàá á jẹ́ mẹ́wàá. Ọkùnrin tínínrín ni, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ẹ ṣeun," ló wí nígbà tí Olúrótìmí ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, kí ló mú ọ lọ́rùn? Yí ojú sí ibi tí ò ń lọ."

Olóyè bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní nígbà tí wọ́n bí òun, òjò rọ̀. Ó rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Olóyè, ẹja ni mo wá wò. Èmi náà ń sin ẹja òkun nílé, ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí n rí àwọn tí mo fi ránṣẹ́."

"Ẹja yín, sà, lónìí ẹ máa rí wọn nínú léèsì!" Olóyè fa okùn.

Kọ́tìnì àrán ṣí wìì. Iná mọ́ rekete nínú omi. Yanrìn funfun. Òkúta. Ìfófòó ń gòkè jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Akọ̀wé tó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta tẹrí ba nítorí ó ti mọ́ ọn lára: "Ẹ káàárọ̀, sà." Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

"Olóyè," Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní, "níbo ni ẹja wà?"

Ẹnu Olóyè là, ó pa dé. Ó tún là. Ẹni tó bá mọ Alága Kékeré láyé á rò pé ó ti jí.

"Wọ́n... wọ́n ń sinmi, sà."

"Sinmi? Níbo?"

Olóyè wo Ọmọ́fẹ́. Gbogbo gbọ̀ngán wo Ọmọ́fẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Lẹ́yìn ilé, sà. Lábẹ́ igi máńgòrò."

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín sínú háńkáṣíìfù. Olóyè bú jáde.

"Obìnrin yìí ló pa wọ́n! Òun ni olùtọ́jú! Òun ni ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀! Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ mú un, ará Ìlàjẹ ni, ẹ ò mọ ohun tó dà sínú omi! Èmi ò fọwọ́ kan ẹja kankan rí!"

Ọdún mẹ́sàn-án, yàrá Agbowó, ìwé Ìdùnnú, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àpótí, ó fi àtàǹpàkò nu ojú pátákó idẹ, ó sì ń kà á sókè bí ọmọ ilé-ìwé:

"'...fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà wọ́n sínú omi yìí, láìdúró, láìjáfara, láìgba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.'" Ó dìde. "Olóyè, ọwọ́ ara ta ni wọ́n ní?"

Ó yí sí Ọmọ́fẹ́.

"Ìyá, ìmọ̀ràn wo ni wọn ò gbà?"

Ọmọ́fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀, ó fi sẹ́kúlà lé e lórí. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí òfin ṣì ń ṣiṣẹ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ka sẹ́kúlà náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Ó yà mí lẹ́nu," ó wí, "nítorí mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ṣé lẹ́tà mi kò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Olúrótìmí ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóyè. Ẹ ò rí i pé kò tiẹ̀ fi ẹ̀yìn rìn? Ó sáré lọ síbi ògiri, ó sì nàka sí férémù oníwúrà náà.

"Òun rèé, sà! Mo fẹ́ ya á, sà! Mo na ọwọ́ báyìí, Alága ló gbá a dànù!"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé férémù náà sọ̀ kalẹ̀. Ó yí i padà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi èékánná já èdìdì ìjọba àpapọ̀, ọ̀run kò sì wó. Ó fi lẹ́tà náà fún Olóyè.

"Ẹ kà á fún wa. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà ní títàn."

Ohùn Olóyè, tó máa ń mi fèrèsé, tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn: "'Sí Alága. Ẹja mẹ́rin yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n lọ́wọ́ apẹja, n kò sì mọ bí ara wọn ṣe rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó dà wọ́n mọ́ tiyín. Mo gbọ́ pé ẹ ní ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ohun tó bá sọ fún yín ni kí ẹ ṣe. Òun nìkan ni ìdí tí n kò tíì fi ti àjọ yín pa.'"

"Ẹ tún ìlà ìkẹyìn kà," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí.

Ó tún un kà.

"Ǹjẹ́ ẹyọ ẹja kan kù, ìyá?"

"Mẹ́rin kù, sà," ni Ọmọ́fẹ́ dáhùn. "Àwọn onílé. Mo fi wọ́n pamọ́ sí wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó da tiyín sí i. Ẹ dárí jì mí, ibẹ̀ ò gba gbogbo wọn."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka ṣeré fún Adétutù lára dígí. Nígbà tó jáde, ó ní àjọ náà á wà, nítorí ẹja mẹ́rin àti ẹni tó gbà wọ́n là. Ó ní kí Ọmọ́fẹ́ máa ṣe àkóso ẹ̀ka náà láti òní lọ. Ní ti Olóyè, ó yọ ọ́ nípò títí ìgbìmọ̀ ìwádìí á fi jókòó. Lójoojúmọ́ ni kó máa wá fọwọ́ sí ìwé ní agogo mẹ́jọ, kó jókòó di agogo mẹ́rin, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì.

"Sà, níbo ló máa jókòó?" Olúrótìmí béèrè, tó ti ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì. "Wọ́n á fi ọ́fíìsì rẹ̀ gba alága tuntun. Kò sí yàrá tó ṣófo nínú ilé yìí o, àyàfi..."

Gbogbo ènìyàn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé àga onígi kan sí wọ́ọ̀dù. Olóyè jókòó sórí rẹ̀, fìlà lórí eékún. Níwájú rẹ̀, ẹja mẹ́rin ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọn kò tíì lè padà sí gbọ̀ngán, nítorí Ọmọ́fẹ́ ní àpótí ńlá gbọ́dọ̀ wà láìsí ẹja fún ogójì ọjọ́, kí àrùn tó wà nínú omi má rí ara tó máa jẹ. Adétutù súnmọ́ dígí, ó tẹjú mọ́ Olóyè bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ní eéwo lára.

Ọmọ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú oúnjẹ ẹja àti ìwé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ìsinmi."

"Ọmọ́fẹ́," ni Olóyè wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní?"

"Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo gbọ́, sà. Ọgbọ̀n péré."

Ó bọ́ àwọn ẹja. Àwo ẹ̀bà tí ìyàwó Olóyè gbé ránṣẹ́ ṣì wà lórí ilẹ̀ ní bíbò, kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ́fẹ́ wò ó fírí, ó fa bírò yọ nínú irun rẹ̀, ó ṣí ìwé sí ojú ewé tuntun, ó sì kọ ọ́:

*Àlejò tuntun: ọ̀kan. Ọjọ́ kìíní. Kò tíì jẹun.*